Ìkànnì ìjọba tó di àdììtú: ta ló ń san owó ìnira rẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nílùú Ìbàdàn, mo wà ní ilé kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo ti fẹ́ tẹ ìwé jáde, nígbà tí bàbá àgbà kan wọlé. Ọjọ́ orí rẹ̀ á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àpò ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpò náà ló kó gbogbo ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sí, láti ọjọ́ tí ìjọba ti gbà á síṣẹ́ títí dé ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó gbé e wá kò ju ẹyọ kan lọ. Iléeṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní kó lọ sórí ìkànnì àwọn láti fi hàn pé òun ṣì wà láàyè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó ń bọ̀ kò ní í wọlé.

Bàbá yìí mọ̀wé. Olùkọ́ ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó ti kọ́kọ́ fi fóònù ara rẹ̀ gbìyànjú nílé fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ni ilé kọ̀ǹpútà pé bí òun bá ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà òun tán, tí òun dìde láti lọ wá ìwé míì tí wọ́n tún béèrè, kí òun tó padà dé, ìkànnì náà á ti ní àkókò ti tán, kí òun bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ jókòó." Ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ bàbá, ó gba nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì, ó ya fọ́tò ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá, ó kà á sókè ketekete níṣojú àwa bíi méje tó wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló bá a yan ọ̀rọ̀ aṣínà, òun náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ní torí ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni bàbá san. Ó dúpẹ́ gan-an, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

N kò rò pé ọmọkùnrin yẹn ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sin ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó ra ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ ni, ó sì ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Bí iléeṣẹ́ náà bá ń ka iye àwọn tó lo ìkànnì rẹ̀, wọ́n á ka bàbá yìí mọ́ àwọn tó lò ó láìsí wàhálà.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìkànnì náà fúnra mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni fọ́tò ọ̀gá àgbà níbi tó ti ń gé ríbọ́ọ̀nù, fọ́tò mẹ́rin ló sì ń yípo bẹ́ẹ̀. Ìkíni láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìtàn iléeṣẹ́, lẹ́yìn náà àfojúsùn iléeṣẹ́. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti máa fi hàn pé àwọn wà láàyè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ ẹ̀ka kan tí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí kò lè mọ̀ pé ó wà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Wọ́n kọ́ ìkànnì yẹn fún ọ̀gá tó fẹ́ wo ara rẹ̀, wọn kò kọ́ ọ fún ẹni tó ní nǹkan tó fẹ́ ṣe. Kò sí iye kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí wọ́n lè rà tó máa wo àìsàn yìí sàn.

Àìsàn náà kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2010, ìjọba Ìlú Ọba bẹ Martha Lane Fox, ọ̀kan lára àwọn méjì tó dá iléeṣẹ́ lastminute.com sílẹ̀, pé kó bá àwọn yẹ Directgov wò, ìyẹn ìkànnì ńlá tí wọ́n ti ń lò láti 2004. Lásìkò náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì ni ìjọba wọn ní, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ́ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Àbọ̀ tí obìnrin náà jẹ́ nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn kò ní àbùlà. Ó ní àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ kò lè tó, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan, kí ẹ̀ka kan ṣoṣo sì láṣẹ lórí bó ṣe máa rí lójú aráàlú. Ọdún 2011 ni wọ́n dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, GDS ni wọ́n ń pè é, Mike Bracken ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, Francis Maude sì ni mínísítà tó dúró gbọin lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2012, GOV.UK gba ipò Directgov àti Business Link.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí àwọn aláṣẹ tiwa fara balẹ̀ wò. Wọn kò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ gbé síta. Wọ́n lọ wo ohun tí aráàlú ń wá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá a, àti ibi tó ti ń sú wọn tí wọ́n fi ń pa á tì. Bí ẹ bá ṣí ojú-ewé tó ń sọ nípa ọjọ́ ìsinmi lórí GOV.UK lónìí, ọjọ́ ìsinmi tó kàn lẹ máa kọ́kọ́ rí, ní lẹ́tà gàdàgbà. Kò sí ìtàn bí ìsinmi ṣe dáyé, kò sí fọ́tò mínísítà. Ọ̀pọ̀ ojú-ewé tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pa rẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń wá wọn, tàbí nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti sọ. Àwọn kan ní ìkànnì náà ti rí ṣákálá jù, pé kò ní ẹwà. Àmọ́ ní 2013, Design Museum ní London mú un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà tó dára jù lọ lọ́dún náà. Margaret Calvert, ọ̀kan lára àwọn méjì tó ya lẹ́tà pátákó ojú títì ilẹ̀ náà, wà lára àwọn tó ṣe lẹ́tà tí wọ́n fi kọ GOV.UK, ó sì jọ pé ibi tí ọgbọ́n náà ti wá gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń wakọ̀ lóru kò ráyè gbádùn ọnà ara pátákó. Ibi tó máa yà sí ló fẹ́ mọ̀.

Inú fọ́ọ̀mù ni ìyà pọ̀ sí jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi fóònù kún fọ́ọ̀mù rí á mọ àkójọ gígùn tó máa ń já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kéèyàn yan ọdún ìbí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní 1948 á máa fi ìka fa ọdún tó lé ní àádọ́rin kọjá, bí ìka bá sì yọ̀ pẹ́nrẹ́n, 1958 ló máa mú, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ GDS jókòó ti àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń kún irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn kan ń gbìyànjú láti tẹ ọ̀rọ̀ sínú àkójọ náà, àwọn míì kò mọ bí wọ́n ṣe máa tì í mọ́. Wọ́n bá fi àpótí mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́, ọ̀kan fún oṣù, ọ̀kan fún ọdún, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà síbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ó sàn kí ojú-ewé kan béèrè ohun kan ṣoṣo, ju kí wọ́n da ogún ìbéèrè bo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé, ìbéèrè 170 ni wọ́n yọ dànù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè 170 da ẹni tó ti rẹ̀ láàmú, láìjẹ́ pé ìjọba nílò ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò kéré. Ìlànà GOV.UK ni pé kí wọ́n kọ̀wé débi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á fi lè kà á kó sì yé e. Kì í ṣe pé wọ́n sọ aráàlú di ọmọdé. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá, bí bàbá rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ń wá bó ṣe máa fi orúkọ òkú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló máa ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin. Ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 2010, Ààrẹ ìgbà náà, Barack Obama, fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa kọ̀wé sí aráàlú ní èdè tó yé wọn.

Àmọ́ òfin kò dí Amẹ́ríkà yìí kan náà lọ́wọ́ láti ṣubú yakata. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, 2013 ni wọ́n ṣí HealthCare.gov, níbi tí mílíọ̀nù àwọn èèyàn ti fẹ́ ra ètò adójútòfò ìlera. Èèyàn mẹ́fà péré ló rí i ṣe dé òpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ kò lè gba èrò tó ya bò ó, iléeṣẹ́ tó bá wọn kọ́ ọ pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe kòkáárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ. Kí èèyàn tó lè wo iye owó ọjà, ó ní láti kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kó ṣí àkáǹtì, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ rí irú ọjà kan rí tí wọ́n ti ń gba orúkọ bàbá èèyàn ní ẹnu ọ̀nà kó tó bi wọ́n ní èló ni gàrí? Gbogbo èrò wá há sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Ìjọba kó àwọn àgbà kọ̀ǹpútà wá láti Google àti ibòmíràn, Mikey Dickerson wà lára wọn, wọ́n ń tún un ṣe tọ̀sán-tòru, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn lè wo iye owó láìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin 2014, àwọn tó ti yan ètò ìlera lábẹ́ òfin náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, nígbà tí a bá ka ti àwọn ìpínlẹ̀ tó ní ìkànnì tiwọn mọ́ ọn.

Ìlú Ọba náà ti kọsẹ̀. GOV.UK Verify tí wọ́n gbé jáde ní 2016, kí aráàlú lè máa fi hàn lórí ayélujára pé òun ni òun ń jẹ́, kò dé ibi tí wọ́n rò. Nínú oṣù kejì ọdún 2019, àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tí ó sì bọ́ sí i fún kò tó ìdajì, ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìwé àti àkọsílẹ̀ owó tí ètò náà ń béèrè kì í sí lọ́wọ́ tálákà, ọ̀dọ́ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, bẹ́ẹ̀ àwọn yìí ló ń wá ìrànwọ́ ìjọba jù. Ní 2023 ni wọ́n tì í pa. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní London àti Manchester náà tún mọ ti eVisa. Káàdì ike tí wọ́n fi ń fi hàn pé àwọn ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú náà, ìparí ọdún 2024 ni wọ́n kọ sára púpọ̀ nínú rẹ̀ pé ó máa kásẹ̀ nílẹ̀, àkáǹtì orí ayélujára ló sì gba ipò rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní ka èyí sí nǹkan kan. Ìyá àgbà tó lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ láti 1990, tí kò ní í-meèlì, ni kí ẹ bi.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ọdún 2007 ló dá àjọ NIMC sílẹ̀ láti máa fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ó ń lọ ní ìrìn ìgbín títí di oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé ẹni tí kò bá so nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ síìmù rẹ̀, wọ́n á ti fóònù rẹ̀ pa. Gbogbo wa la rí èrò tó wọ́ bí eṣú lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, ìgbà tó sì di oṣù kẹrin 2022, àwọn líìnì tó lé ní mílíọ̀nù 70 ni wọn kò jẹ́ kó pe ẹlòmíì mọ́. Nínú gbogbo làálàá yẹn, ohun kan wà tó rọrùn bí ẹní jẹ̀kọ: bí nọ́ńbà rẹ bá ti sọnù, kí o tẹ *346# lórí fóònù tí o fi forúkọ sílẹ̀. Kò gba dátà, kò gba fóònù olówó ńlá, tọ́ọ̀ṣì-láìtì lásán á ṣe é. Ohun tó sìn wá dáadáa jù níbẹ̀ kò ní ìkànnì kankan nínú.

Ti ìwé ìrìnnà náà ti yàtọ̀. Láti oṣù kìíní 2024, lábẹ́ Mínísítà Olubunmi Tunji-Ojo, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn lè kún fọ́ọ̀mù, kó fi fọ́tò àti àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé, kó wá jẹ́ pé ìtẹ̀ka nìkan ló máa gbé e dé ọ́fíìsì. Ìtẹ̀síwájú gidi ni, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn, àwọn tó rántí bí wọ́n ṣe ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n kò ní í jiyàn. Síbẹ̀, ilé kọ̀ǹpútà kún fún àwọn tó ń sanwó kí ẹlòmíì bá wọn kún un, ohun tó sì máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró ni orúkọ.

Orúkọ Yorùbá àti fọ́ọ̀mù òyìnbó kò mọwọ́ ara wọn dáadáa. Orúkọ ìdílé tí fọ́ọ̀mù ń béèrè, àwọn baba ńlá wa kò ní in. Ẹni tó ń jẹ́ Oluwaseun lọ́dọ̀ NIMC lè jẹ́ Seun ní báǹkì, kó jẹ́ Samuel Oluseun nínú ìwé ẹ̀rí WAEC, òun kan náà ni. Mùsùlùmí kan lè jẹ́ Rafiu níbì kan, kó jẹ́ Rafiyu níbòmíràn, nítorí bí akọ̀wé ọjọ́ náà ṣe gbọ́ ọ létí ló ṣe kọ ọ́. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ á tún kó orúkọ mẹ́ta rìn. Bí kọ̀ǹpútà bá wá sọ pé orúkọ kò bára mu, kì í sọ èyí tí kò bára mu níbẹ̀. Á kàn kọ ọ́ ní pupa pé kò ṣeé ṣe. Ìkànnì tó bá ro ti aráàlú á fi orúkọ tó wà lọ́dọ̀ NIMC han oní-nọ́ńbà náà, á tọ́ka sí lẹ́tà tó yàtọ̀, á sì sọ ibi tó máa gbà ṣe é. Ohun tí mo sọ yìí kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ni kì í gba ẹ, ọ àti ṣ, bí èèyàn bá kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n á ní àṣìṣe ni. Ọmọ Yorùbá tó kọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa lórí ìkànnì ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun ni wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n kọ! Àwọn ìbejì ńkọ́? Ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà, orúkọ bàbá kan náà, àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn. Fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ṣe é kò bá gbé lọ sí irú ìlú bí Igbó-Ọrà wò kí wọ́n tó ṣí i lè ka Táíwò àti Kẹ́hìndé sí ẹnì kan tó ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì.

Ti ọjọ́ ìbí ló le jù fún àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ̀ pé nígbà ogun Hitler ni wọ́n bí àwọn, tàbí lọ́dún tí ọba báyìí wàjà, àmọ́ kọ̀ǹpútà ń béèrè ọjọ́ àti oṣù. Akọ̀wé á fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i fún wọn. Bí ọdún bá gorí ọdún, tí ìwé méjì bá ta kora, àtúnṣe di ọ̀ràn owó: ní 2025, NIMC gbé owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí láti 16,340 náírà lọ sí 28,574 náírà. Àṣìṣe tí àkójọ gígùn tó ń já wálẹ̀ lójú fóònù fà, iye tí mẹ̀kúnnù lè fi san án nìyẹn.

Ẹ tún wo ìkéde ìjọba. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló jẹ́ pé lẹ́tà tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí ni wọ́n á ya ní fọ́tò, wọ́n á gbé fọ́tò náà sórí ìkànnì, ó parí. Fọ́tò yẹn ń jẹ dátà, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí Google lè má rí i, ó sì sábà máa ń ṣòro fún ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, TalkBack ni wọ́n ń pè é. Àjọ W3C tí Tim Berners-Lee dá sílẹ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí èyí láti 1999, wọ́n sì ń tún un ṣe, ti 2023 ló dé kẹ́yìn. Wọ́n ní kí àwòrán ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò lè lo máòsì lè fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe gbogbo rẹ̀, kí lẹ́tà má ṣe ní àwọ̀ eérú lórí funfun tí àgbàlagbà kò ní lè rí kà. Nàìjíríà náà ní òfin tó ka fífi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n léèwọ̀, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ló fọwọ́ sí i nínú oṣù kìíní 2019. Ilé àti àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ìkànnì náà ní àtẹ̀gùn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹni tó ní kí ìyá oníyìnyín fi hàn pé òun kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì nípa títọ́ka sí ẹ̀rọ omi panápaná ojú títì Amẹ́ríkà, ṣé ó rí ọ̀kan rí ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn, a kò lè fo èdè. Ní Wales, òfin ọdún 1993 ti mú kí iléeṣẹ́ ìjọba máa fi èdè Welsh àti Gẹ̀ẹ́sì bá aráàlú sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá tí Gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, fọwọ́ sí ní 2018. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá ń sọ. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ìjọba ṣí ìkànnì kan ṣoṣo fún iṣẹ́ gbogbo iléeṣẹ́ ní 2020. Ó ń sọ ìwé tí èèyàn máa mú wá, iye owó àti iye ọjọ́, èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ Yorùbá tàbí Fọ̀n nìkan á ṣì ní láti wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Olùrànlọ́wọ́ kò sì ní tán nílẹ̀. Bó ti wù kí ìkànnì dára tó, àwọn kan kò ní í lè lò ó. Ohun tí Rwanda ṣe ni pé láti ìgbà tí ètò Irembo ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015, wọ́n ní àwọn àjẹ́ńtì káàkiri ìgbèríko tí ìjọba mọ̀, tí wọ́n ń bá aráàlú kún fọ́ọ̀mù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti ọmọkùnrin ilé kọ̀ǹpútà ni pé ìjọba mọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti lè mú un. Àtúnṣe kò sì ní dandan kó gba bílíọ̀nù. Ọ̀mọ̀wé Jakob Nielsen kọ ọ́ ní 2000 pé bí èèyàn márùn-ún péré bá lo ìkànnì níṣojú àwọn tó kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣìṣe ibẹ̀ á ti fojú hàn. Èèyàn márùn-ún, fóònù tiwọn, dátà tiwọn. Kí ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó má sọ̀rọ̀, kó máa wò. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ṣe bí bàbá tí mo rí ní Ìbàdàn, ó ti mọ ohun tó máa ṣe lọ́la.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ máa wo àdírẹ́sì ìkànnì kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ti ìjọba ilẹ̀ wa sábà máa ń parí sí .gov.ng, àwọn gbájúẹ̀ sì máa ń ṣe èyí tó jọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ń bá yín kún fọ́ọ̀mù, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí nọ́ńbà àṣírí tó wọlé sórí fóònù yín má ṣe dé etí ẹlòmíì.

Mo padà lọ sí ilé kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè nípa ìwé pélébé abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì fi hàn mí láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwọn tó kọ síbẹ̀ lé ní ogójì, orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, gbogbo rẹ̀ tò bí orúkọ ọmọ iléèwé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fa ìwé náà ya. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fà á ya, ibo ni wọ́n ti máa rí i lọ́dún tó ń bọ̀?"